Èló gan-an ni ìdílé ń san lówó orí lábẹ́ òfin tuntun?

Òfin owó orí tuntun ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026. Mẹ́rin ni àwọn òfin náà. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù wọ́n, lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ tí Taiwo Oyedele jẹ́ alága rẹ̀. Ìjọba ní òfin yìí yóò gbé ẹrù kúrò lórí tálákà, yóò sì dín ti òṣìṣẹ́ kù. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn nínú ilé kò gùn tó bẹ́ẹ̀: èló ni wọn ó yọ nínú owó mi, èló ni yóò ṣẹ́ kù? Mo gbé owó oṣù oríṣiríṣi lé ìṣirò àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí. Ohun tí mo rí kò bá ariwo ìgboro mu tán, ì báà jẹ́ ariwo àwọn tó ń yin òfin náà tàbí ti àwọn tó ń bú u.

Ní àtijọ́, kí wọ́n tó gé owó orí òṣìṣẹ́, wọ́n máa ń kọ́kọ́ yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á tún fi ₦200,000 kún un. Owó yẹn kò ní owó orí. Ohun tó bá kù ni wọ́n ń gé, láti orí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún títí dé ìdá 24. Ìyọkúrò àtijọ́ yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó rọ́pò rẹ̀ ni pé ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kò ní owó orí rárá. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 ni. ₦9,000,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Lẹ́yìn náà ni ìdá 21 lórí ₦13,000,000, ìdá 23 lórí ₦25,000,000, ìdá 25 sì ni fún gbogbo ohun tó bá kọjá ₦50,000,000 lọ́dún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé bí owó ọdún wọn bá fi náírà kan kọjá ₦800,000, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò gé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lé lórí ₦800,000 nìkan ni wọ́n ń gé. Ẹni tó bá sì ń gba owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin, ìyẹn ₦70,000, kò ní san kọ́bọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ lọ́dún jẹ́ ₦840,000, nítorí òfin dárúkọ rẹ̀ lọ́tọ̀ pé kó má san. Àmọ́ ṣá o, kì í ṣe òfin tuntun ló kọ́kọ́ ṣe é lóore yìí. Òfin ìnáwó ọdún 2020 ti yọ ọ́ kúrò tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tó wà lókè rẹ̀. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tó ń bọ̀ yìí, mo gbà pé wọ́n ti yọ ìdá 8 owó ìfẹ̀yìntì kúrò lórí gbogbo owó oṣù, nítorí òfin kì í gé owó orí lára ìyẹn.

Ká ní òṣìṣẹ́ kan ń gba ₦80,000 lóṣù, ó sì ń san ₦150,000 lọ́dún fún ilé tó ń gbé. Lábẹ́ òfin àtijọ́, bí ₦3,643 ni owó orí rẹ̀ lóṣù. Lábẹ́ ti ìsinsìnyí, ₦665 ni. Ìyẹn tó nǹkan. Ẹni tó ń gba ₦100,000, tó ń san ₦200,000 owó ilé, sọ̀ kalẹ̀ láti ₦5,540 sí ₦3,300.

Olùkọ́ tó ń gba ₦150,000 ńkọ́? Bí owó ilé rẹ̀ bá jẹ́ ₦300,000 lọ́dún, ₦11,143 tó ń san lóṣù tẹ́lẹ̀ di ₦9,950. Ohun tó dín kù kò ju ₦1,193 lọ, kò tó owó ọkọ̀ ọjọ́ méjì fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Èkó. Ẹni tó ń gba ₦500,000, tó ń gbé ilé mílíọ̀nù kan náírà, kúrò lórí ₦66,987, ó bọ́ sórí ₦62,300.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ìṣirò yìí nìyẹn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ jèrè, ẹni tó ń gba ìdajì mílíọ̀nù jèrè ju olùkọ́ lọ ní iye náírà, ibi tí èrè náà ti fẹ́lẹ́ jù lọ sì ni àárín ₦150,000 sí ₦200,000 lóṣù. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà. N kò sọ pé òfin náà burú nítorí èyí. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣèlérí fún olùkọ́ pé òfin yìí yóò yí ìgbé ayé rẹ̀ padà, ẹni náà kò tíì ṣe ìṣirò.

Ó tún ku ohun kan tó so mọ́ owó ilé. Òfin tuntun gbà kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tí ènìyàn san lọ́dún kúrò kí wọ́n tó gé owó orí rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ohun tí wọ́n yọ kò bá ti kọjá ₦500,000. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú owó orí fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, inú owó tí wọ́n fẹ́ gé ni. Olùkọ́ wa tó san ₦300,000, ₦60,000 ni wọn yóò yọ fún un, èrè tó wá bọ́ sí i lápò jẹ́ ₦9,000 lọ́dún, ₦750 lóṣù. Bí kò bá mú rìsíìtì owó ilé tàbí ìwé àdéhùn rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ṣètò owó oṣù níbi iṣẹ́, ₦10,700 ni wọn yóò máa gé dípò ₦9,950, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òfin tuntun àti ti àtijọ́ yóò sì wá di ₦443 péré. Nítorí náà, ẹ béèrè fún rìsíìtì lọ́wọ́ onílé. Ó lójú onílé tí kì í fẹ́ fún ni, pàápàá àwọn tí kò fẹ́ kí ìjọba mọ iye tí wọ́n ń gbà, síbẹ̀ ẹ̀tọ́ yín ni. Owó ilé nìkan ló sì kà, owó àwọn ẹ̀jẹ́ǹtì kò sí níbẹ̀.

Ta ni ètò owó ilé yìí kò kàn? Ẹni tó ń gbé ilé ẹbí. Ẹni tó fi ogún ọdún kọ́ ilé tirẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan kọ̀ọ̀kan, bí àwa Yorùbá ti ń ṣe. Bí ènìyàn bá yá owó lọ́wọ́ báǹkì láti kọ́ ilé tó ń gbé, wọ́n á yọ èlé owó náà fún un, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló yá irú owó bẹ́ẹ̀? Lábẹ́ òfin àtijọ́, ẹni tó ń gbé ilé bàbá rẹ̀ àti ẹni tó ń gbé ilé onílé, ìyọkúrò kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ìyẹn ti yí padà.

Ohun tó dùn mí jù nínú òfin yìí ni pé kò ka ọmọ. Ọkùnrin àpọ́n tó ń gba ₦200,000, tó ń san ₦400,000 owó ilé, ₦16,600 ni owó orí rẹ̀ lóṣù. Opó tó ń gba iye kan náà, tó ń gbé irú ilé kan náà, tó ń bọ́ ọmọ mẹ́rin, tó tún ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ nílé, ₦16,600 náà ni. Owó ìfẹ̀yìntì, owó àjọ ilé gbígbé, owó ètò ìlera, owó ìbánigbófò ẹ̀mí, èlé owó ilé àti owó ilé ni òfin mọ̀. Owó ilé ìwé àti oúnjẹ ọmọ kò sí nínú rẹ̀. A ó ti ṣe pè é ní òfin tó ṣàánú ìdílé nígbà tí kò mọ iye ẹnu tó wà nídìí ìkòkò?

Àwọn tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá náà ní tiwọn. Ìyálọ́jà, télọ̀, mẹkáníìkì, orí èrè ni owó orí tiwọn wà, kì í ṣe orí iye ọjà tí wọ́n tà. Bí ìyá kan bá ta ọjà mílíọ̀nù mẹ́fà lọ́dún, tó sì jẹ́ pé lẹ́yìn owó ọjà, owó ọkọ̀, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọ iṣẹ́, ₦900,000 ló kù sí i lọ́wọ́, ₦100,000 tó lé lórí ₦800,000 ni wọ́n lè gé. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦15,000 fún odindi ọdún. Ìṣòro ibẹ̀ ni ìwé. Ẹni tí kò kọ ohun tó rà àti ohun tó tà sílẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi hàn, òṣìṣẹ́ owó orí á sì fi ojú díwọ̀n iye tó yẹ kó san. Ìwé àkọsílẹ̀ àádọ́ta ojú ìwé lè gba irú ìyá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbèsè tí kò jẹ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdọọdún ni gbèdéke tí olúkúlùkù yóò fi sọ owó tó wọlé fún un ní ọdún tó kọjá.

Owó orí tó wà lórí owó oṣù kì í lọ sí Àbújá. Ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló ni ín. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà tàbí Victoria Island, tó jẹ́ pé Mowé, Ìbafò, Akútè tàbí Ọ̀tà lẹ ń sùn, Ìpínlẹ̀ Ògùn ni òfin ní kí owó orí yín máa lọ, kì í ṣe Èkó. Ẹ wò ó nínú ìwé owó oṣù yín. Bó bá jẹ́ pé Èkó ni ilé iṣẹ́ yín ń kó o fún, a jẹ́ pé ẹ ń tún ọ̀nà ẹlòmíràn ṣe, tiyín sì wà nínú ẹrẹ̀.

Gbogbo ohun tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, apá kan ni. Apá tó pọ̀ nínú owó tí ìdílé ń san fún ìjọba kì í hàn nínú ìwé owó oṣù.

VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, ni àkọ́kọ́. Òfin ológun ọdún 1993 ló gbé e kalẹ̀ ní ìdá 5, ó sì gòkè sí ìdá 7.5 ní oṣù kejì ọdún 2020. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwọn òfin tuntun yìí lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ọdún 2024, ó wà nínú ètò náà pé VAT yóò máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ìdá 15. Àwọn gómìnà kọ̀, ilé ìgbìmọ̀ náà kò gbà, ó dúró sórí 7.5. Mo kà á sí ohun tó dára jù lọ tó ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, bẹ́ẹ̀ ẹnu àwọn ènìyàn kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀.

Òfin náà tún sọ pé VAT kò gbọdọ̀ sí lórí oúnjẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́, oògùn, ìwé ilé ìwé àti owó ilé ìwé. Púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ni kò ní VAT tẹ́lẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní Bódìjà kò sì gba VAT lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó yí padà wà lẹ́yìn, níbi tí àwa oníbàárà kì í dé. Tẹ́lẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn ń san VAT lórí ike, bébà àti àwọn nǹkan mìíràn tó rà, kò sì lè gbà á padà, ó ń wọ inú iye oògùn ni. Ní báyìí ó lè gbà á padà lọ́wọ́ ìjọba. Bóyá yóò tìtorí ìyẹn dín owó oògùn kù, ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn wà.

Àwọn ohun tó kù ńkọ́? Ọṣẹ, ọṣẹ ìfọṣọ, ohun mímu, dátà, káàdì ìpè, aṣọ, símẹ́ńtì, ẹ̀yà ara ọkọ̀, gbogbo wọn ni VAT wà lórí wọn. Ìyá tó ń ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà kò ní sọ fún yín pé VAT wà nínú ₦1,000 tó gbà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe ọṣẹ náà ti gbà á lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún un. Bí ìdílé olùkọ́ wa bá ń ra irú àwọn nǹkan báyìí tó tó ₦60,000 lóṣù kí VAT tó gun orí rẹ̀, ₦4,500 ni VAT wọn. Ẹ wá padà sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ olówó ₦80,000. Bó bá ra ₦25,000 péré nínú wọn, ₦1,875 ni VAT tirẹ̀ lóṣù, bẹ́ẹ̀ ₦665 ni owó orí owó oṣù rẹ̀. Ohun tó ń san nígbà tó ń ra ọṣẹ àti dátà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ohun tí wọ́n ń gé níbi iṣẹ́. Bí ìjọba bá wá ní tálákà kò san owó orí mọ́, irú ọkùnrin yìí ni mo máa ń rántí.

Lẹ́yìn VAT ni owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba Èkó pa oríṣi owó púpọ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ onídánfó pọ̀ sí ₦800 lójúmọ́, wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí òmíràn mọ́. Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ní Ọ̀shòdì mọ̀ bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Owó tí agbèrò bá gbà lọ́wọ́ awakọ̀, èrò ọkọ̀ ló ń san án. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tòmátì láti Kánò dé Mile 12, inú abọ́ tòmátì ni a ti ń san án. Ìgbìmọ̀ Oyedele fúnra rẹ̀ sọ pé oríṣi owó orí àti owó ìjọba tó wà nílẹ̀ lé ní 60, wọ́n sì fẹ́ kó má pé mẹ́wàá. Èyí tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ ni òfin tuntun rí ṣètò jù. Ti ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀, ọwọ́ àwọn gómìnà àti alága káńsù ló wà, àwọn ló sì yẹ kí a lọ bá.

Kì í ṣe òní ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dun ilẹ̀ Yorùbá. Owó orí wà lára ohun tó mú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá dìde lẹ́yìn Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ yíká Ìbàdàn kọ̀ láti san owó orí tó ń gòkè nígbà tí owó kòkó wọn kò gòkè, ọ̀nà oko kò ṣe é gbà, àwọn akódà sì ń gba àgbẹ̀ mú. Tàfá Adéoyè àti àwọn Àgbẹ́kọ̀yà rẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, ìjà náà kò sì parí títí ìjọba fi gbà kí owó orí náà sọ̀ kalẹ̀ sí £2. Nínú ìjà méjèèjì, ìyà tó wà nínú bí wọ́n ṣe ń gba owó náà dun àwọn ènìyàn bí iye rẹ̀ ṣe dùn wọ́n.

Ó yẹ kí n mẹ́nu kan àwọn ìròyìn òfegè tó ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn ènìyàn. Ìjọba kò gé owó orí lára owó tó wà nínú báǹkì yín nítorí pé ó wà níbẹ̀. Owó tí ẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ sí yín láti London kì í ṣe owó iṣẹ́, ẹ̀bùn ni, kò ní owó orí. Kò sídìí tí ẹ ó fi máa bẹ ènìyàn pé kó kọ irú ọ̀rọ̀ kan pàtó sára owó tó ń fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà NIN yín náà ni wọ́n ń lò bí nọ́ńbà owó orí. Ohun tó yí padà ní báǹkì ni ₦50 tí wọ́n ń gé nígbà tí ènìyàn bá fi ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́: ẹni tó gba owó ló ń san án tẹ́lẹ̀, ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń san án báyìí, kò sì sí lórí owó oṣù.

Àìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn kò ṣàì nídìí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, aṣòfin Abdussamad Dasuki láti Sókótó dìde nílé aṣojú-ṣòfin, ó ní ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde bí òfin yàtọ̀ sí ohun tí àwọn dìbò fún. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin pàṣẹ kí wọ́n tún un tẹ̀. Òfin tó fẹ́ wọ àpò gbogbo ènìyàn kò yẹ kó ní irú àbùkù bẹ́ẹ̀ lára.

Ní ti bí wọ́n ṣe ń pín VAT, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Àríwá àti Gúúsù sílẹ̀ ní ọdún 2024, ìpín ìjọba àpapọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 15 sí ìdá 10, ti àwọn ìpínlẹ̀ di 55, ti ìjọba ìbílẹ̀ sì wà ní 35. Ní ti apá tí wọ́n ń pín gẹ́gẹ́ bí ibi tí VAT ti wá, ibi tí wọ́n ti ra ọjà lò ni wọn yóò máa wò báyìí dípò ibi tí olú ilé iṣẹ́ wà. Ìtumọ̀ ìyẹn fún wa ni pé owó tó ń wọ ọwọ́ àwọn gómìnà Ọ̀ṣun, Èkìtì, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ yóò pọ̀ sí i, àwíjàre pé kò sówó yóò sì dín kù.

Nǹkan méjì ni mò ń ṣọ́ láti ìsinsìnyí lọ. Ìkíní ni ₦800,000 yẹn. Nọ́ńbà kan náà ni yóò máa jẹ́ títí wọn yóò fi tún òfin náà ṣe, kò sí ohunkóhun tó so ó mọ́ bí ọjà ṣe ń wọ́n. Owó oṣù tó kéré jù lọ ti ga jù ú lọ kí òfin tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá. Òfin ọdún 2024 ní kí wọ́n máa yẹ owó oṣù tó kéré jù lọ wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó yẹ kí wọ́n so ₦800,000 mọ́ ọn kí méjèèjì máa gòkè pọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún díẹ̀ ni òṣìṣẹ́ olówó ₦80,000 yóò fi padà síbi tó wà.

Ìkejì ni epo. Ó wà nínú òfin náà pé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún yóò gun orí owó epo bẹntiróòlù àti dísẹ́ẹ̀lì. Wọ́n yọ kẹrosíìnì, gáàsì ìdáná àti gáàsì ọkọ̀ kúrò níbẹ̀. Kò tíì bẹ̀rẹ̀, nítorí òfin sọ pé ó di ìgbà tí mínísítà ètò ìnáwó bá pàṣẹ rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìkéde ìjọba. Kò ní padà sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin mọ́. Ọjọ́ tó bá fọwọ́ sí i, kò sí ohun tí yóò yí padà nínú ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni, inú owó ọkọ̀ àti owó gàrí ni a ó ti rí i.